Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣàkóso Eré Ìdárayá ní Àròjinlẹ̀: Ẹjọ́ Mẹ́ta láti Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ẹnubodè Yewa

Ìpinnu ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹni tó ń ṣàkóso eré ìdárayá. Ta ni kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje? Èló ni kí a ná sórí pápá? Ilé-iṣẹ́ wo ni kí a gba owó ìgbọ̀wọ́ rẹ̀? Kí ni kí a sọ fún àwọn oníròyìn lálẹ́ ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú? Ẹ̀rí kì í sábà pé nígbà tí ìpinnu báyìí bá délẹ̀, àkókò a máa lọ, ọ̀gá tó mú owó lọ́wọ́ a sì ti mọ ìdáhùn tó fẹ́ gbọ́. Àròjinlẹ̀ ni kí ènìyàn lè dúró ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó yẹ ohun tó mọ̀ wò, kí ó béèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n, kí ó wá nǹkan mìíràn tó lè fa ohun tó fojú rí, kí ó sì mọ irú ẹ̀rí tí yóò mú un yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ẹni tó bá kọ́ oyè lórí ìṣàkóso eré ìdárayá tí kò ní ọgbọ́n yìí yóò mọ orúkọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gan-an yóò máa dà á láàmú.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní yunifásítì. Ọdún 1966 ni Yunifásítì Ohio ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní oyè kejì nínú ìṣàkóso eré ìdárayá. Ní Nàìjíríà, abẹ́ ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa eré ìdárayá àti ìlera ló ti rú yọ, ó sì jogún àṣà olùkọ́ pápá: ṣe bí mo ṣe ṣe é. Àṣà náà dára fún bí a ti ń ju ọ̀kọ̀, kò tó fún bí a ti ń pinnu bóyá ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ pápá tuntun.

Ilẹ̀ Yewa ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kíkọ́ ọmọ láti ronú. Comprehensive High School tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Yunifásítì Harvard àti àjọ USAID, wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀kọ́ Social Studies lórílẹ̀-èdè yìí. Olùkọ́ yunifásítì tó bá fẹ́ fi àyíká akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwé kíkà kò dá ohun àjèjì sílẹ̀ ní agbègbè yìí.

Ohun tó ń dí àròjinlẹ̀ lọ́wọ́ nínú kíláàsì

Ní ọ̀pọ̀ ibi, olùkọ́ ń kà, akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ. Hándáòtù ni ìwé, hándáòtù náà ló tún di ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá to iṣẹ́ márùn-ún tí alákòóso ń ṣe sílẹ̀ bí olùkọ́ ṣe pè é yóò gba máàkì tó pé. Ẹni tó bá béèrè bí iṣẹ́ márààrún ṣe ṣeé ṣe nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò rí owó oṣù san fún oṣù mẹ́ta lè má rí nǹkan kan gbà fún ìbéèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ọ̀nà ìdánwò kò bá yí padà, ìyókù orí yìí kò ní ṣiṣẹ́, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ mọ ibi tí máàkì wà.

Ìdènà kejì ni ìbẹ̀rù pé ẹni tó bá yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò ti rí àgbà fín. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn tí olùkọ́ lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Àṣà Yewa àti Kétu fúnra rẹ̀ ló sì ní ìdáhùn sí i. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán, akọrin a kọ́kọ́ júbà, lẹ́yìn náà a fi orin bá ọlọ́lá àti olóyè wí ní gbangba, ìlú a sì gbọ́. Ìjúbà àti ìbáwí wà lẹ́nu kan náà. Ohun tí kíláàsì nílò ni èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣe méjèèjì, ó sì dára kí olùkọ́ kọ ọ́ sójú pátákó láti ọjọ́ àkọ́kọ́: "Ẹ má bínú sà, kí ni ẹ̀rí tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn dúró?" "Mo fara mọ́ apá kìíní mà, ṣùgbọ́n apá kejì kò tíì dá mi lójú." "Ṣé kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ló fà á?" Olùkọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dán àwọn gbólóhùn yìí wò lára rẹ̀. Tí ó bá gbà wọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín, tó sì dáhùn tàbí tó gbà pé ẹ̀rí òun kò tó, ìbẹ̀rù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá gírámà Gẹ̀ẹ́sì kiri kò ní ráyè fún ìrònú. Ó sàn kí àríyànjiyàn wáyé ní Yorùbá, kí ìwé tí wọn yóò kọ lẹ́yìn rẹ̀ wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá bá wà, kí a pín ẹgbẹ́ lọ́nà tí kò ní já a sílẹ̀.

Yíyan ẹjọ́

Ẹjọ́ tó dára fún kíláàsì ní àmì díẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ènìyàn méjì tó lọ́gbọ́n lórí lè wò ó kí wọ́n má sì fẹnu kò. Ó kan ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn, nítorí inú ohun tí a fẹ́ràn ni ìrònú wa ti ń yẹ̀ jù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìpinnu kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí alákòóso kan ní láti ṣe. Méjì àkọ́kọ́ nínú ẹjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e yìí ní gbogbo àmì wọ̀nyí; àròsọ ni ọmọ inú ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n òfin àti ẹnubodè tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹjọ́ kìíní: ìṣẹ́jú àáyá 12.12

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Eugene, Oregon, Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré ìfògi mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Àkọsílẹ̀ àgbáyé tó wà nílẹ̀ jẹ́ 12.20, èyí tí Kendra Harrison ti Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 2016. Michael Johnson, ògbóǹtarìgì asáré àtijọ́ tó ń ṣàlàyé eré lórí tẹlifíṣọ̀n, sọ pé aago náà kọ òun lóminú, nítorí ọ̀pọ̀ asáré ló sáré ju bí wọ́n ṣe ń sá tẹ́lẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Nínú àṣekágbá ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, Amúsàn sá 12.06, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òfin kò gbà ju 2.0 lọ fún àkọsílẹ̀, nítorí náà 12.06 kò wọ ìwé.

Olùkọ́ kò gbọdọ̀ kó gbogbo èyí lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ̀rí máa wọlé, lórí ìwé pélébé pélébé. Ìwé àkọ́kọ́ gbé àkókò gbogbo asáré ìpele náà jáde, kò sí àlàyé kankan lórí rẹ̀. Kí oníkálukú kọ ìlà mẹ́ta: ṣé ó gbà á gbọ́, kí ló dé, báwo ló ṣe dá a lójú tó nínú mẹ́wàá? Ìwé kejì mú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ìpele náà wá: 0.9, kò kọjá òfin. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ Johnson. Ẹ̀kẹrin sọ pé bàtà tí a ṣe fún eré ọ̀nà jíjìn ni Amúsàn wọ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, bàtà náà kò sì rú òfin. Ẹ̀karùn-ún ni 12.06 àti afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹfà sọ pé ó gba wúrà ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà pẹ̀lú 12.30. Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ bóyá nọ́ńbà ìdánilójú wọn gòkè tàbí ó wálẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ tẹ́tí sí wà ní ìwé kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò sọ pé Johnson mọ eré sísá ju gbogbo wa lọ, nítorí náà òótọ́ ló sọ. Òmíràn yóò sọ pé ó ń jowú, ká fi í sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ti wo ẹni tó sọ̀rọ̀, wọn kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà. Kí olùkọ́ bi kíláàsì pé: bí aago bá ṣe àṣìṣe lóòótọ́, kí ni ohun mìíràn tó yẹ kí a rí? Bí wọ́n bá ronú dáadáa, wọn yóò sọ pé ó yẹ kí ó hàn lára gbogbo asáré tó wà lójú ìlà, kì í ṣe ẹnì kan, kí ó sì hàn nínú àwọn eré mìíràn tí aago náà wọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Wọn yóò wá rí i pé apá kan ọ̀rọ̀ Johnson bá ìbéèrè yìí mu, nítorí ó tọ́ka sí ọ̀pọ̀ asáré. Wọn yóò sì rí i pé ìdí mìíràn lè wà fún èyí: ojú pápá tó yá, ọjọ́ tó móoru, bàtà ìgbàlódé, ìpele tí kò gba kí ẹnikẹ́ni fà sẹ́yìn. Àjọ World Athletics fọwọ́ sí 12.12 lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ àgbáyé. Ìwé tó gbé ìfọwọ́sí yìí ni kí ó kẹ́yìn, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé ìdáhùn ni wọ́n ń wá látilẹ̀.

Ìparí ẹjọ́ náà jẹ́ ìpinnu. A ro ó pé akẹ́kọ̀ọ́ ni agbẹnusọ àjọ eré sísá Nàìjíríà, àwọn oníròyìn sì ń dúró: kí ni kí ó kọ ní ìlà mẹ́jọ tí yóò gbèjà asáré tí kò sì ní bú ẹni tó béèrè? Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ lè fi ẹjọ́ 2023 kún un. Wọ́n fẹ̀sùn kan Amúsàn ní oṣù Keje pé ó pa àyẹ̀wò oògùn amárale mẹ́ta jẹ láàárín oṣù 12, ìgbìmọ̀ sì dá a láre ní oṣù Kẹjọ. Ẹ̀sùn pé a kò bá ènìyàn nílé yàtọ̀ sí ẹ̀sùn pé ó lo oògùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá da méjèèjì pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, kí a dá ìwé náà padà fún un.

Ẹjọ́ kejì: àwọn mẹ́wàá tí kò kópa ní Tokyo

Ní oṣù Keje 2021, àjọ AIU tó ń ṣọ́ òtítọ́ nínú eré sísá lágbàáyé kéde pé eléré Nàìjíríà 10 kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kópa ní Olympic Tokyo. Wọn kò jẹ̀bi oògùn kankan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ni Nàìjíríà ti wà ní ìpele A, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè tí àyẹ̀wò abẹ́lé wọn kò tó, òfin sì ní kí eléré láti irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta láìsí ìkìlọ̀ ṣáájú, níta ìdíje, láàárín oṣù 10 tó ṣáájú ìdíje ńlá, kí ọ̀kan sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí èkejì. Àwọn eléré náà gbé àkọlé dání ní Tokyo láti fẹ̀hónú hàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò sáré dá ẹnì kan lẹ́bi. Kí olùkọ́ má jẹ́ kí wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi ya kàlẹ́ńdà. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìdíje, kí wọ́n máa kà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́nà méjì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láàárín àyẹ̀wò àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, èyí ni pé alákòóso tó bá jí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú ìdíje ti pẹ́, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Kí wọ́n fi ẹni tó ní láti ṣe nǹkan sí oṣù kọ̀ọ̀kan: àjọ orílẹ̀-èdè, ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò, eléré fúnra rẹ̀, olùkọ́ni ní yunifásítì Amẹ́ríkà tí ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti fo láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn láìsí ìwé ni ìdí sábà máa ń wà.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Olympic Paris 2024, Favour Ofili, asáré Nàìjíríà, figbe ta pé wọn kò forúkọ òun sílẹ̀ fún mítà 100 bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun yege. Kí a fi ẹjọ́ yìí lé e kí a sì béèrè: kí ló jọra nínú méjèèjì, kí ni kò jọra? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ pé "ìwà àìbìkítà ni" kò tíì sọ nǹkan kan tí alákòóso lè fi ṣiṣẹ́ lọ́la.

Ẹjọ́ kẹta: ọmọ tó ń gbé òdìkejì ẹnubodè

Ẹjọ́ yìí ló bá ilẹ̀ Yewa mu jù, òun ló sì yẹ kí ó gba àkókò jù. Òfin FIFA kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi ní ọ̀nà díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti àwọn ará ẹnubodè. Ilé ọmọ náà kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnubodè ju kìlómítà 50 lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ gbà á. Ilé àti ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju kìlómítà 100 lọ. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa gbé nílé rẹ̀, àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

A ro ó pé ọmọ ọdún 16 kan wà ní Pọ́bẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹgbẹ́ kan ní Ìlaró sì fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún márùn-ún ni yóò jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rọrùn lójú: kí wọ́n wọn ọ̀nà lórí máàpù. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi béèrè bóyá ojú títì ni kí wọ́n tẹ̀ lé tàbí kí wọ́n fa ìlà gbọọrọ. Èyí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí òfin kò dá wọn lóhùn tààrà, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n yàn àti ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò fi ìṣòro kún un. Ìyá ọmọ náà sọ pé ilé ẹ̀gbọ́n òun ní Ìlaró ni yóò máa sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Lójú Yorùbá, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá ilé ọmọ ni. Lójú òfin, ó ti kúrò nílé nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gàn wo ọ̀kankan nínú ojú ìwòye méjèèjì. Ohun tí a ń wá ni kí wọ́n lè sọ ìdí tí FIFA fi fẹ́ kí ọmọ máa sùn sọ́dọ̀ òbí, ìyẹn ààbò fún ọmọdé tí àwọn oníṣòwò ń kó kiri, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìdí náà dúró nínú ẹjọ́ yìí.

Ìṣòro kejì ni ẹnubodè fúnra rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019. Wọ́n ṣí díẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2020, ṣùgbọ́n oṣù Kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí Ìdírókò. Ta ni yóò mú ọmọ kọjá bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ni ìwé àdéhùn sọ? Owó ọkọ̀ tí a fi náírà san fún ẹni tó ń fi sẹ́fà ra oúnjẹ ńkọ́, bí náírà bá ṣubú?

Ìṣòro kẹta ni ọjọ́ orí. Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ sọ pé ọmọ ọdún 16 ni, ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan sọ ohun mìíràn. Ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ tí Nàìjíríà gbàlejò ní 2009, tí Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ibi tí wọ́n ti gbá a, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn-ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀rí ẹ̀rọ yìí lágbára sí: bí egungun náà bá ti so pọ̀ tán, ó ṣòro kí ẹni náà wà lábẹ́ ọdún 17, bí kò bá tíì so, kò fi hàn pé ó wà lábẹ́ 17. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso lè ṣàlàyé gbólóhùn yìí fún alága ẹgbẹ́ tí kò kàwé púpọ̀, ní Yorùbá tó já gaara.

Kí wọ́n jáde lọ bá ènìyàn sọ̀rọ̀: olùkọ́ni bọ́ọ̀lù ní pápá Ìlaró tàbí Ayétòrò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, awakọ̀ tó ń ná Ìdírókò, òbí. Kí ìwé ìyọ̀ǹda ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ọmọdé kankan sílẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ ya àwòrán ibùdó kọ́sítọ́ọ̀mù, wọn kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Bí a ṣe ń fún wọn ní máàkì

Nínú 100, kí 30 jẹ́ ti ẹ̀rí: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ sọ ibi tó ti rí i, ṣé ó sì ya ohun tó rí sọ́tọ̀ sí ohun tó gbọ́? Kí 25 jẹ́ ti àlàyé mìíràn tó wá, kódà èyí tí kò fẹ́. Kí 20 lọ fún mímọ ẹni tó ń jàǹfààní nínú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, 15 fún ibi tó ti yí ọkàn padà tó sì kọ ohun tó yí i, 10 fún ìpinnu. Àwọn olùkọ́ kan yóò ní 10 kéré fún ìpinnu. Kò kéré, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣèèṣì bọ́ sí ìpinnu tó dára, ìgbà mìíràn kò sì ní rí bẹ́ẹ̀.

Tẹlifóònù àti ChatGPT yóò kọ ìwé tó dán fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tó dájú ni kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú olùkọ́ kí ó sì gbèjà ìwé rẹ̀ lẹ́nu, ní èdè tó bá wù ú. Nínú kíláàsì 150, a kò lè gbọ́ gbogbo wọn. Kí a fa orúkọ ẹnì kan yọ nínú ẹgbẹ́ márùn-ún kọ̀ọ̀kan, kí máàkì rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́. Wọn yóò kọ́ ara wọn kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí sáà ṣe ń lọ

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn gbólóhùn ojú pátákó àti ìdánrawò kúkúrú. Ẹjọ́ Amúsàn gba kíláàsì méjì, Tokyo gba méjì, ti ẹnubodè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ìjáde. Bí àyè bá wà, Pápá Ìṣeré Sùúrùlérè, tí wọ́n ṣí ní 1972 tí wọ́n sì pa tì lẹ́yìn tí ti Àbújá dé ní 2003, lè tẹ̀ lé e: kí akẹ́kọ̀ọ́ fi wé àwọn pápá tí Ìpínlẹ̀ Ògùn tún ṣe fún ìdíje àpapọ̀ ti 2006 àti ti 2025, kí wọ́n kọ ẹni tí yóò máa san owó iná, omi àti ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn tí àlejò bá lọ. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá gé sáà kúrú, bí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ṣe fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, kí a yọ Tokyo àti Sùúrùlérè kúrò, kí a má fọwọ́ kan ẹjọ́ ẹnubodè. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ìgbèjà àfẹnusọ. Kí olùkọ́ mìíràn láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin tàbí ìṣirò owó jókòó níbẹ̀, kí ó sì béèrè ìbéèrè tí olùkọ́ kíláàsì kò ronú kàn.